Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà kò sọ pé irọ́ ni ìròyìn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bó ti wù kó péye tó, ó kù síbì kan tí ojú nìkan lè dé. Mi ò rí ibi tí òwe náà ti ṣe wẹ́kú tó ọ̀rọ̀ fọ́tò inú fóònù.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò odídẹrẹ́, torí Ìwó, ilé odídẹrẹ́, la wà. Ara ẹyẹ náà jọ eérú, ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ sọ́mọ rẹ̀ ní London lórí WhatsApp. Kó tó kúrò lórí fóònù, wọ́n ti fún un pọ̀ kí dátà má baà tán. Ìlànà JPEG, tó ti wà láti 1992, gbára lé àìlera ojú wa. Ojú ń tètè mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, nítorí náà àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé sọnù jù. Wọ́n á wá pín àwòrán sí ègé kéékèèké, píksẹ́lì 8 níbùú, 8 lóròó. Láàárín ìyẹ́ tó lé ara wọn lórí, àbùkù a ríbi sá sí. Lójú sánmà tó mọ́ kedere, ààlà àwọn ègé náà a yọ síta. Pupa ìkóóde náà a sì máa ṣàn kọjá etí rẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní PSNR, tí wọ́n fi ń mọ bí fífún pọ̀ ṣe ba àwòrán jẹ́ tó, kò mọ sánmà yàtọ̀ sí ìyẹ́. Ó kàn ń ka bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe yà kúrò ní iye rẹ̀ àkọ́kọ́. Fọ́tò tí a mú mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀ àti èyí tó di bàìbàì pátápátá lè gba máàkì kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa rí méjèèjì tí yóò ní wọ́n dọ́gba? Ìdí nìyẹn tí Zhou Wang, Alan Bovik, Hamid Sheikh àti Eero Simoncelli fi gbé ìwọ̀n mìíràn, SSIM, jáde ní 2004: ìmọ́lẹ̀, bí dúdú ṣe yàtọ̀ sí funfun, àti bí nǹkan ṣe to ara wọn ló ń yẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ìròyìn ni SSIM náà. Ojú èèyàn ló ń dá a láre tàbí lẹ́bi. Ìlànà ìdánwò àwòrán tí wọ́n ń pè ní BT.500 ní kí èèyàn 15, ó kéré tán, jókòó, kí wọ́n fún àwòrán ní máàkì, láti 5 dé 1. Inú yàrá tí wọ́n ti díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí. Àwa ńkọ́, tá à ń wo fọ́tò lọ́jà lábẹ́ oòrùn, lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán? Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó; mo fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ayàwòrán àtàwọn ìyálọ́jà ìlú, kí wọ́n gba máàkì lẹ́nu wọn níbi tí wọ́n ti ń wo fọ́tò gan-an.