Kí Ló Wà Nínú “Ó Wà O”?

Nínú dáńfó tó ń ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀ sí Ìjọra Badia, bí èrò bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, á ké sí awakọ̀ pé, “Ó wà o!” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn kan nínú. “Kí ló wà?” ni wọ́n ń wí. Wọ́n ní gbólóhùn náà kò pé.

Ó pé. Ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ló wà. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá kíra wa lálẹ́ pé “Ó dàárọ̀”, ta ló ń béèrè ohun tó dàárọ̀?

Àṣìṣe tó yẹ kó bí wa nínú ni “Owa” tí àwọn kan ń kọ, láìsí àlàfo, láìsí àmì ohùn. Arọ́pò-orúkọ ni “ó”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni “wà”. Àkọtọ́ Yorùbá kì í lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà tó bá rí “Owa” lè kà á sí Ọwá, oyè ọba Iléṣà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ sórí fóònù tàbí sára aṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i.