Space Invaders

Space Invaders jẹ́ eré ìbọn yíyìn orí ẹ̀rọ tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé-iṣẹ́ Taito ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù ní ọdún 1978. Ẹni tí ń ṣeré ń darí ìbọn kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀, ó ń yìn ín sí àwọn ọ̀tá 55 tí ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè ní ìlà márùn-ún. Ẹ̀dá ojú ọ̀run ni wọ́n, nítorí Taito kò fẹ́ kí a máa yìnbọn sí ènìyàn.

Ohun tí ń já ènìyàn láyà jù nínú eré náà ni pé bí àwọn ọ̀tá ti ń dínkù ni ìrìn wọn ń yára sí i. Àìlágbára ẹ̀rọ ló bí èyí. Intel 8080, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò lè gbé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, ìrìn àwọn tó ṣẹ́kù a yá. Nishikado rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ hàn jù.

Lónìí, a lè ṣe eré náà lórí aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀tá 55 kì í ṣe ẹrù fún kọ̀ǹpútà òde òní rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún eré náà kọ gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlọ́ra àtijọ́ yẹn sínú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò kù.