Iṣẹ́ Panápaná ní Èrúwà àti Ilẹ̀ Ìbàràpá

Iṣẹ́ panápaná ni pípa iná tó bá sọ nílé, lọ́jà, lóko tàbí lójú títì, àti yíyọ ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn nínú ewu. Ní Èrúwà, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, abẹ́ àjọ panápaná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ náà wà. Ìbàdàn ni olú iléeṣẹ́ àjọ náà, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Èrúwà. Jíjìn ọ̀nà, ọ̀wọ́n omi àti koríko ọ̀dàn ló ń pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí níbẹ̀.

Kí ìjọba tó ní panápaná, gbogbo ìlú ni panápaná. Nígbà tí koríko bẹẹrẹ ṣì ni òrùlé, tí agbo ilé kan fara kan èkejì, ẹ̀ta iná kan lásìkò ọyẹ́ tó láti run àdúgbò. Bí igbe “Iná o! Ẹ gbà wá o!” bá ta, àwọn obìnrin á ru omi, àwọn ọkùnrin á gun orí ilé tí iná kò tíì dé, wọ́n á ya òrùlé rẹ̀ dànù kí iná má baà rí ohun tí yóò jó. Ilé kan ni wọ́n fi ń ra mẹ́wàá padà, ọgbọ́n náà kò sì tíì di ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ àrá ló sán lu ilé, ọ̀ràn di ti àwọn onísàngó; àwọn ló ń wọlé lọ ṣe ètùtù kí onílé tó padà síbẹ̀. Páànù ló dín iná àjóràn kù nígbà tó rọ́pò koríko.

Iléeṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ ti ara ẹ̀ka panápaná àwọn ọlọ́pàá Èkó jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Òfin ọdún 1963 ló sọ ọ́ di iléeṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀.

Iná ìgbẹ́ ló ń fa wàhálà jù ní Ìbàràpá. Láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, koríko a gbẹ, ọyẹ́ a sì máa fẹ́. Àgbẹ̀ tó ń jó pàǹtí oko, ọdẹ tó ń sungbó kí ọ̀yà lè jáde, darandaran tó fẹ́ kí koríko tuntun hù, ẹni tó ń fi ògùṣọ̀ lé oyin: kò sí èyí tó ní in lọ́kàn láti jó oko ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í bèèrè ààlà. Oko káṣú ló ń fara gbá a jù. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbin oko káṣú ńlá sí Èrúwà, bó ṣe gbìn ín sí Ìwó àti Upper Ogun, àwọn àgbẹ̀ sì ti tẹ̀lé e láti ìgbà náà. Ewé káṣú tó wọ́ sílẹ̀ máa ń gbẹ kíá, epo inú èèpo kóró rẹ̀ sì ń ran iná lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni pé oṣù kejì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa káṣú, nígbà tí iná ìgbẹ́ ṣì ń jà. Àgbẹ̀ tí iná bá jó oko rẹ̀ lákòókò yìí ti pàdánù owó ọdún náà, bí igi rẹ̀ tilẹ̀ yè é.

Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ irú oko bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àdá, ọkọ́, ẹ̀ka igi eléwé tútù tí wọ́n fi ń lu iná pa, àti tánkì àgbékọ́ẹ̀yìn lítà 16 tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn apakoríko, bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó rọ omi sí i. Láti ẹ̀yìn, níbi tí iná ti jó kọjá, ni wọ́n ti ń lù ú bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá lọ dúró níwájú rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Lẹ́bàá àwọn òkè olókùúta tó wà lágbègbè Èrúwà, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, torí iná tó ń gun òkè máa ń sáré ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ: ooru rẹ̀ ti ń yan koríko tó wà lókè kó tó dé ibẹ̀. Bí iná bá ju lílù lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dáná mìíràn láti etí ààlà tí wọ́n ti ṣán, kó jó lọ pàdé èyí tó ń bọ̀. Ààlà gbígbòòrò tí wọ́n ṣán yí oko ká kí ọyẹ́ tó dé sàn ju gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí lọ.

Fún iná ilé àti ọjà, ọkọ̀ pupa ni gbogbo ènìyàn ń retí, pẹ̀lú tánkì, pọ́ǹpù, rọ́bà omi àti àkàbà rẹ̀. Ó yẹ kí ará ìlú mọ ìṣirò omi inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé 5,000 lítà, tó ń fi rọ́bà kan tu 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yóò gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 10. Nígbà mìíràn tí èrò bá ń pariwo pé ọkọ̀ kò gbé omi wá, omi ọ̀hún ti tán lójú wọn ni. Níbi tí kò bá sí páìpù omi panápaná lẹ́bàá títì, odò bí Ọ̀pẹ́kì, kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni ìrètí. Kànga ní ìṣòro tirẹ̀. Pọ́ǹpù ọkọ̀ kì í lè fa omi tó bá jìn ju mítà 7 tàbí 8 lọ, nítorí ìwúwo afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi náà gòkè, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga a sì máa lọ sílẹ̀. Tánkì gíga kan tí bọ́ọ̀hóòlù ń kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yóò ṣe irú ìlú bẹ́ẹ̀ láǹfààní ju ọkọ̀ kejì lọ.

Àṣíborí, ẹ̀wù tí iná kì í tètè ràn, ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn wà fún ooru, ṣùgbọ́n èéfín ló ń pa ènìyàn ju ọwọ́ iná lọ. Inú rẹ̀ ni carbon monoxide wà, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Nítorí náà ni panápaná ṣe ń gbé agolo afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fi ìbòjú mí. Afẹ́fẹ́ inú agolo kan máa ń tó ìṣẹ́jú 30 sí 45, kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe làálàá. Fèrè kan á dún nígbà tó bá kù díẹ̀; bó bá ti dún, àfi kó jáde. Níbi tí kò bá sí agolo yìí, ìgboyà ni panápaná fi ń dípò irinṣẹ́, kò sì yẹ kí ìjọba kankan béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Omi kọ́ ló ń pa gbogbo iná. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Á léfòó sórí rẹ̀, á sì gbé iná lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Fóòmù ni wọ́n ń dà bò ó. Bó bá jẹ́ wáyà ló ń jó, wọ́n á kọ́kọ́ pa iná mọ̀nàmọ́ná, wọ́n á sì lo ìyẹ̀fun apaná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí; bó bá ń jò, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má sì tan nǹkankan.

Tọ̀sán-tòru ni àgọ́ panápaná ń ṣiṣẹ́, ọ̀wọ́ kan á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ á tan ọkọ̀, wọ́n á yẹ omi tánkì wò, wọ́n á dán pọ́ǹpù wò. Lẹ́yìn náà ni ìdánrawò: títa rọ́bà, gígun àkàbà, títa kókó okùn. Ẹni tó jókòó ti fóònù ń kọ àkókò ìpè, ibi tí iná wà àti irú iná tó jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì tí kì í gba owó. Níbi tí ilé kò bá ní nọ́ńbà, orúkọ agbo ilé, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ìwé tó wà nítòsí ló ń mú ọkọ̀ débẹ̀, ó sì dára kí ẹnì kan lọ pàdé wọn ní oríta. Ó dunni pé wọ́n ti lu panápaná, wọ́n sì ti sọ òkò lu ọkọ̀ wọn, ní ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n pẹ́ dé. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bàjẹ́ lónìí kò ní lè lọ síbi iná ọ̀la.

Kì í ṣe iná nìkan ni wọ́n ń pe panápaná sí; ìpè láti yọ ènìyàn nínú kànga wà lára èyí tó le jù. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kànga tí wọ́n ti dé pa lè má tó ènìyàn mí, tàbí kí èéfín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ti kún ibẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á dákú, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á á dákú tẹ̀lé e. Báyìí ni kànga kan ṣe ń pa ọmọ ẹbí méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Fìtílà tí àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti dán an wò lè kú bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ṣùgbọ́n kò lè fi carbon monoxide hàn. Panápaná máa ń gbé agolo afẹ́fẹ́, á di okùn mọ́ra, ẹlòmíràn á sì di okùn náà mú lókè.

Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ panápaná ti ń wá, kò sì pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Èrúwà ti fi èyí hàn nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójọbí, tó dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986, fi ohun tó wà nítòsí ṣe irinṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ló sọ di ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bákan náà, wẹ́dà ìlú lè ṣe ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń lu iná ìgbẹ́, ó sì lè de tánkì àti pọ́ǹpù kékeré mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò lè gba ọ̀nà oko.

Nígbà tí ọwọ́ iná bá lọ sílẹ̀, panápaná á tú eérú àti àjà wò, nítorí iná tó fara pamọ́ lè tún rú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Wọ́n á kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó fà á àti dúkìá tó ṣòfò sínú ìwé. Ìwé yìí ni iléeṣẹ́ adójútòfò àti ilé ẹjọ́ máa ń béèrè. Wọ́n á fọ rọ́bà, wọ́n á sá a, wọ́n á sì rọ omi kún tánkì kí ìpè mìíràn tó dé.