Ìyàtọ̀ Gìtá sí Ìbọn: Àyẹ̀wò Igi Aláràbarà Tí A Fi Ooru Yan

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn tí ń ta igi olówó ńlá ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù: igi aláràbarà tí a bá ti yan, kò síbi tí kò ti wúlò, èyí tó bá dùn lára gìtá yóò dára lára ìdìmú ìbọn ìléwọ́ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ẹnu oníṣòwò nìkan ló mọ sí, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn jà, nítorí ta ni yóò ní kí ọlọ́jà má polówó ọjà rẹ̀? Ohun tó fa àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn onímọ̀ kan ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni pé ìwádìí ti fọwọ́ sí i. Ìwádìí kò fọwọ́ sí i.

Kí ni igi yíyan, kí ni fọ́nrán igi? Igi yíyan ni èyí tí a fi ooru gíga yan nínú ààrò láìjẹ́ kó gbiná; fọ́nrán ni àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di ara igi. Ní Finland, níbi tí àjọ ìwádìí VTT ti tún ọgbọ́n yíyan igi ṣe ní àwọn ọdún 1990, ipele méjì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ní Thermo-S, igi spruce àti pine ń gba ooru 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius; ní Thermo-D, ooru náà tó 212. Fún igi bíi birch, 185 àti 200 ni. Oru omi ni wọ́n ń fẹ́ sínú ààrò kí ọ́síjìn má baà ráyè mú igi gbiná. Hemicellulose, èyí tó fẹ́ràn omi jù nínú igi, ni ooru kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rinrin tí igi yíyan ń fà fi lè má ju ìdajì èyí tí igi tí a kò yan ń fà lọ.

Ní ti ohun èlò orin, ẹ̀rí wà, kò sídìí àríyànjiyàn. Ní August 2011, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ya wọ ilé-iṣẹ́ Gibson ní Nashville àti Memphis lórí igi ebony àti rosewood tí wọ́n ní ó rú òfin Lacey, èyí tó ka òwò igi tí a gbà lọ́nà àìtọ́ léèwọ̀. Kò pẹ́ tí maple yíyan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lórí ọrùn àwọn gìtá Gibson kan, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, tó jẹ́ àyè rosewood tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2015, ilé-iṣẹ́ Martin ti Nazareth, Pennsylvania, gbé ètò igi yíyan tirẹ̀ jáde, tó pè ní VTS. Taylor náà fi spruce yíyan ṣe ojú gìtá ọ̀wọ́ 600 rẹ̀. Yamaha ní tirẹ̀, tó pè ní A.R.E. Igi náà fúyẹ́ díẹ̀ sí i, kì í wú kó tún sún kì nígbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ìró inú rẹ̀ kì í sì í tètè kú.

Martin tilẹ̀ ń sọ pé òun lè fi ooru gbé igi padà sí sáà kan pàtó láyé àtijọ́. Ibí yìí gba sùúrù. Jiro Kohara, ọmọ Japan tó yẹ igi hinoki ara tẹ́ḿpìlì Hōryū-ji wò, rí i pé agbára igi náà ń lọ sókè fún nǹkan bí ọdún 200 sí 300, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dín kù. Agbára tí igi yíyan fi ń kọ títẹ̀ kì í gòkè bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá ti ń pọ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Àwọ̀ igi àgbà ni igi yíyan ní, kì í ṣe agbára rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ o. Oríṣi àrà méjì ló máa ń wà lára igi, àwọn tí ń pariwo igi yíyan sì ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní jẹ́ ti àwọ̀: olú tó jẹ igi tó sì fa ìlà dúdú sí i lára, tàbí ìlà tí igi fúnra rẹ̀ ní bíi ti zebrawood. Èkejì jẹ́ ti fọ́nrán, kò sì sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Fọ́nrán ló ń lọ ní ìgbì, tó ń gbórí sókè níhìn-ín, tó ń tẹrí ba lọ́hùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ta lé e lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá yí ẹ̀yìn fayolíìnì maple sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ iná yóò rí i pé ibi tó dúdú ti di títàn, ibi tó ń tàn sì ti ṣókùnkùn.

Ohun tí ooru ń ṣe sí méjèèjì kò rí bákan náà. Àrà àwọ̀ ń pàdánù: gbogbo ara igi ń ṣókùnkùn sí i, ìlà dúdú kò sì hàn dáadáa mọ́. Àrà fọ́nrán kò pàdánù nǹkan kan, nítorí ìgbì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ tilẹ̀ ń bù kún un. Títí dé ibí, àwọn tí ń pariwo igi yíyan lè máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbì kan náà yẹn ni àléébù rẹ̀. Ìwé Wood Handbook tí Forest Products Laboratory ní Madison, Wisconsin, ń tẹ̀ jáde ti ṣírò rẹ̀. Bí fọ́nrán bá yà kúrò ní gígùn igi ní 1 nínú 10, agbára tí igi fi ń kọ títẹ̀ á ku ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń kọ ìkọlù òjijì á ku 62. Bó bá yà ní 1 nínú 5, 55 àti 36 ló kù. Ìkọlù òjijì ni igi oní-ìgbì kò lè gbà, ìyẹn kí ooru tó fọwọ́ kàn án rárá. Ìwé-atọ́nà ThermoWood ti 2003, tó dá lórí ọ̀nà yíyan ti Finland yẹn, wá fi kún un pé yíyan a máa gé ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára agbára tí igi fi ń kọ lílà.

Gìtá lè gba ìyẹn mọ́ra. Spruce ojú rẹ̀ gún régé, maple ẹ̀yìn rẹ̀ ní igi tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ọn nínú, kò sì sẹ́ni tí ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni ìdìmú Colt 1911, síkúrù méjì sì ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn ti àtijọ́, àwọn tó fín ìdìmú walnut fi àyè tó rí bíi dáyámọ́ǹdì sílẹ̀ láìfín yí ihò síkúrù kọ̀ọ̀kan ká, kí igi lè nípọn níbi tí lílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún ló ń ta padà sí àtẹ́lẹwọ́, ihò síkúrù yẹn ló sì ń jẹ ẹ́. Láti wá gbé maple oní-ìgbì tí a yan síbẹ̀, àfi ẹni tí kò tíì rí ìdìmú tó là.

Àwọn tí ń pariwo igi yíyan lè dáhùn pé ìdìmú aláràbarà pọ̀ lọ́jà tí kì í là. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe igi yíyan. Oje àtọwọ́dá ni wọ́n fi ẹ̀rọ fà wọ inú ihò ara igi, kí wọ́n tó kì í bọ ààrò tí ooru rẹ̀ kò ju ti omi híhó lọ kí oje náà lè le. Irú Dymondwood tún yàtọ̀: birch fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n pa láró, tí wọ́n fi oje dì pọ̀ ní Rutland, Vermont, títí iná fi jó ilé-iṣẹ́ náà ní August 2014. Ẹni tó bá pe ìwọ̀nyí ní igi yíyan nítorí pé wọ́n rí ooru, kó máa pe búrẹ́dì àti bíríkì ní nǹkan kan náà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo dá ẹjọ́ yìí tán. Ó ṣeé ṣe kí igi tí fọ́nrán rẹ̀ gún, tí a yan níwọ̀nba, wúlò lára ìbọn kékeré bíi .22. Fún ìbọn alágbára bíi .44 Magnum pẹ̀lú maple oní-ìgbì, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó. Bóyá kò sì ní tó láé.

Ìlù ló dúró láàárín gìtá àti ìbọn: ó ń fẹ́ ìró, ó sì ń jẹ lílù. Arère tiwa, tí wọ́n ń pè ní ayous lọ́hùn-ún, ti ń wọ ààrò ní Yúróòpù, tí wọ́n ń fi í bo ara ilé. Igi ọmọ tí àwọn agbẹ́lù ń gbẹ́ ló kàn fún òǹkọ̀wé yìí. Láti ara ìtì kan náà, apá kan yóò wà láìyan, àwọn yòókù yóò gba ooru 160, 180 àti 200. A ó wọn bí ìró ṣe ń pẹ́ tó lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì wọn ìkọlù tí yóò là á. Àyán, tí àrà rẹ̀ jẹ́ ti fọ́nrán, ni yóò tẹ̀lé e, bí a bá rí ìtì tó tóbi tó rà.