Ìtàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Òfin Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Ní Coconut, ní etí Àpápá, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ tírélà ń gbà lọ sí èbúté Tin Can tí a ṣí ní ọdún 1977, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọba eré. Ní Ajégúnlẹ̀ tí ó múlé tì í, ọmọ tí kò ní bàtà lè fi òkúta méjì ṣe ojú ilé, kí eré sì bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ líle, ó ń fẹ́ òpó àti àwọ̀n, ó sì ń fẹ́ olùkọ́ tí ó mọ ìdí òfin. Ẹni tí ó bá há òfin náà sórí lásán, bí ẹni há ìsọdipúpọ̀, kò ní lè parí ìjà nígbà tí ìjà bá dé sórí pápá.

Ìjà gan-an ni ó sì bí eré náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ YMCA ní Springfield ní Amẹ́ríkà. Òtútù kò jẹ́ kí a lè ṣeré níta, eré ìdárayá inú ilé sì ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Luther Gulick, ọ̀gá rẹ̀, fún un ní ọjọ́ 14 kí ó wá eré tuntun. Naismith bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń mú kí àwọn tí ń gbá rọ́gíbì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ó rí i pé ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù ń sáré lọ, kò sì sí bí a ṣe lè dá a dúró bí a kò bá dì í mú. Bí kò bá lè gbé e sáré ńkọ́? Kí ni a óò tún dì í mú fún? Láti inú ìbéèrè yìí ni òfin tí ó ṣe kókó jù lọ ti jáde. Ó sì gbé ojú ilé lọ sókè, kí agbára lásán má baà ṣàǹfààní: ẹni tí ó bá rọra jù ú ni yóò jẹ. Àpótí ni ó tọrọ lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé náà. Apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì méjì ni onítọ̀hún rí fún un. A kàn wọ́n mọ́gi ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè, gíga náà kò sì yí padà títí di òní. Ènìyàn 18 ni ó gbá eré àkọ́kọ́, 9 ní ìhà kọ̀ọ̀kan; góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé.

Ohun tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé nínú òfin 13 tí Naismith kọ, kò sí títa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ rárá. Àwọn tí a ká mọ́ ni wọ́n dá ọgbọ́n rẹ̀: wọ́n ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n sì tún un mú. Wọn kò gbé e sáré, nítorí náà wọn kò ṣẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni ó wá di òfin. Lónìí, ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì gba bọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn tí ó ti ń tà á kò gbọ́dọ̀ tún un tà mọ́. Ilẹ̀ sì ti di alábàápín nínú eré. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Berlin ní ọdún 1936, níta gbangba, lórí ilẹ̀ amọ̀, ni a ti gbá àṣekágbá. Òjò rọ̀, bọ́ọ̀lù kọ̀ kò ta mọ́, Amẹ́ríkà sì fi 19 sí 8 borí Kánádà. Ẹni tí ó bá mọ bí omi ṣe ń dúró sí ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ní oṣù Kẹfà kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ní Èkó kan náà ni a bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní ọdún 1963. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó sì ń gbá hándíbọ́ọ̀lù. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nínú hándíbọ́ọ̀lù, a lè gbé bọ́ọ̀lù ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, méjì ni. Nítorí náà, bí ọmọ tí ó ti inú hándíbọ́ọ̀lù wá bá gbé ìṣísẹ̀ kẹta tí rẹfirí sì fọn fèrè, kì í ṣe agídí ni ọmọ náà ń ṣe. Òfin mìíràn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Olùkọ́ tí ó bá bú u kò tíì kọ́ ọ. Ọlájùwọ́n lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980, òun ni a sì kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ó wọ NBA ní ọdún 1984; ikọ̀ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995. Ìgbà 3,830 ni ó gbá bọ́ọ̀lù ọ̀tá dànù lójú òfuurufú, kò sì sí ẹni tí ó jù ú lọ láti ìgbà tí NBA ti ń kà á.

Òfin ni ó sì sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ọgbọ́n. Nígbà kan rí, àwọn òmìrán bí George Mikan àti Bob Kurland a máa dúró lábẹ́ àwọ̀n, wọn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1944, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi òfin dè é: bí bọ́ọ̀lù bá ń gòkè, ẹ gbá a, bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú àwọ̀n, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án.

Ìbẹ̀rù Mikan yìí náà ló bí òfin aago. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1950, ikọ̀ Fort Wayne di bọ́ọ̀lù mú láìjù ú, kí ọwọ́ Mikan má baà tó o, wọ́n sì fi 19 sí 18 na Minneapolis. Inú àwọn òǹwòran kò dùn. Danny Biasone, tí ó ni ikọ̀ Syracuse, jókòó ṣe ìṣirò: ìṣẹ́jú 48 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2,880, eré tí ó dára máa ń ní ìjùsókè bí 120, pín in, 24 ni yóò kù. Ní ọdún 1954 ni NBA gbà á. FIBA, ẹgbẹ́ àgbáyé, lo 30 títí di ọdún 2000 kí ó tó gba 24.

Ìyókù kò le: ènìyàn márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìlàjì mẹ́rin oníṣẹ́jú 10 lábẹ́ FIBA, 12 ní NBA, ẹni tí ó bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún lábẹ́ FIBA yóò jáde, NBA fi ẹyọ kan lé e. Abẹ́ òfin FIBA yìí ni D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, ti na Australia ní 75 sí 62 àti Kánádà, ilẹ̀ Naismith fúnra rẹ̀, ní 79 sí 70, ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 2024. Wọ́n di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, ì báà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí yóò wọ ipele ikọ̀ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.