Ojúṣe Ìṣàkóso Nínú Iléeṣẹ́

Ojúṣe ìṣàkóso ni iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá ń ṣe kí òṣìṣẹ́, owó àti ohun èlò iléeṣẹ́ lè para pọ̀ mú èrò rẹ̀ ṣẹ. Henri Fayol (1841–1925), onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di olùdarí iléeṣẹ́ ìwakùsà ní 1888, pín ojúṣe yìí sí márùn-ún nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1916.

Ìpète ni wíwo ọjọ́ iwájú àti pípinnu ohun tí a ó ṣe. Ìṣètò ni pípín iṣẹ́ àti àṣẹ fún ẹni tó yẹ. Ìpàṣẹ ni títọ́ òṣìṣẹ́ sọ́nà. Ìṣọ̀kan iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀ka kan dí òmíràn lọ́wọ́. Àbójútó ni fífi iṣẹ́ tí a ṣe wé ètò tí a là sílẹ̀, kí a lè tún àṣìṣe ṣe. Àbájáde rẹ̀ ni a fi ń pète iṣẹ́ mìíràn.

Ní 1937, Luther Gulick ti Amẹ́ríkà to ojúṣe méje, tó fi mọ́ ìgbanisíṣẹ́, ìjábọ̀ àti ètò ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ìwé òde òní dárúkọ mẹ́rin: ìpète, ìṣètò, ìdarí àti àbójútó.