Ọdún 1973: Bí Ọ̀wọ́n Epo Ṣe Gbé Mọ́tò Kékeré Ga

Ìtàn la máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n tòní kò jìnnà sí àpò yín rárá.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Títí di ọjọ́ yẹn, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò báyìí kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá AC rẹ̀ ń tutù. Ohun tó ń bi mẹkáníìkì ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí ò jẹ epo jù?"

Ìbéèrè yẹn ti dàgbà jù wá lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti béèrè rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú wa.

Nígbà náà, mọ́tò gbọọrọ gbọọrọ tó ní ẹ́ńjìnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Epo pọ̀, kò sì wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà. Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì, làwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ní epo bá ní àwọn ò tà fún un mọ́. Àgbá epo rọ̀bì tó wà ní nǹkan bíi dọ́là 3 sún mọ́ dọ́là 12 nígbà tí ọdún 1974 fi máa bẹ̀rẹ̀.

Ìlà gùn nílé epo. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, tí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ bá parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9, ọjọ́ tìrẹ lọ́tọ̀. Àwọn tó kù á wá lọ́jọ́ kejì. Ààrẹ Nixon ní kí ilé epo máa tì lọ́jọ́ Sunday. Ìjọba sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ.

Ibẹ̀ ni ọjọ́ àwọn ará Jàpáàn pé. Jàpáàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní epo tirẹ̀ rárá, títì wọn há, owó orí mọ́tò ńlá sì pọ̀. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò kékeré tí kì í jẹ epo. Toyota ti gbé Corolla jáde láti ọdún 1966, Honda sì gbé Civic jáde ní 1972. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tí kò ka irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ wá ń wá a kiri.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1974, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo fún Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ò sá o. Bí ìlà ṣe tú báyìí, mọ́tò ńlá ni wọ́n padà sí. Nígbà tí ìjọba dojú dé ní Íráànì lọ́dún 1979, epo tún wọ́n gógó. Ilé iṣẹ́ Chrysler fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ìjọba ló dúró fún un láti yá bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Lọ́dún 1980, iye mọ́tò tí Jàpáàn ń ṣe ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Àwa ńkọ́? Ìgbà tí ojú ń pọ́n wọn gan-an ni owó ń ya wọlé wá fún Nàìjíríà, torí a ti wà nínú OPEC láti 1971. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen náà ń to tirẹ̀ ní Òjó l'Ékòó, títí kan èyí tí a sọ ní Ìjàpá. Kọ́bọ̀ la fi ń ra lítà epo. Ta ni yóò béèrè iye tí mọ́tò ń mu?

Àṣé ọjọ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. La bá yíjú sí àlòkù ìlú òyìnbó, èyí tó ń gba Kùtọnù wọlé. A sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀, bí ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé. Bí Corolla àti Civic tí ọ̀wọ́n epo gbé ga níbòmíràn ṣe di ti ìgboro wa nìyẹn.

Kí la rí kọ́? Àkọ́kọ́, má fi orúkọ ra mọ́tò. "Big Daddy" wà tó jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin, òmíràn wà tó jẹ́ mẹ́fà; bẹ́ẹ̀ náà ni "End of Discussion". Ara kan náà, ikùn ò dọ́gba. Ká ní o ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù, tí lítà epo sì jẹ́ ₦1,000. Mọ́tò tó ń mu lítà 8 ní kìlómítà 100 á gba ₦80,000. Èyí tó ń mu lítà 13 á gba ₦130,000. Láàárín ọdún kan, ₦600,000 ti bá ti ẹ̀yìn jáde.

Èkejì, epo lè wálẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó wálẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni ìdẹ̀ra epo. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá ni mọ́tò fi ń bá èèyàn gbé. Ohun tí wọ́n gbàgbé ní 1974 nìyẹn, 1979 ló sì rán wọn létí.

Mọ́tò wo lẹ̀yin ń wà, èló lẹ sì ń fi ra epo lóṣù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, a óò kà á lórí ètò.